Ìrora nínú ẹpọ̀n: Ìgbà wo ló yẹ kí ọkùnrin lọ rí dókítà?

Láti Èkó títí dé Eneka ní Port Harcourt, ìtìjú máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ìrora ẹpọ̀n pamọ́. Ṣùgbọ́n irúfẹ́ ìrora kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Èyí ni èyí tó máa ń wáyé nígbà tí okùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kóró ẹpọ̀n bá lọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì lè débẹ̀ mọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, nígbà mìíràn lójú oorun, pẹ̀lú èébì. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 12 sí 18 ló wọ́pọ̀ sí jù. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 6, kóró náà sábà máa ń yè. Bí ó bá pẹ́ jù, ó lè kú, wọn yóò sì gé e kúrò.

Àwọn ohun mìíràn tó ń fa ìrora ni ìfarapa, àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ṣegede, ìpá àti òkúta inú kíndìnrín. Gbogbo wọn ló yẹ fún àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó líle tí kò dunni, nítorí pé jẹjẹrẹ ẹpọ̀n kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ará Eneka, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Fásitì Port Harcourt wà ní Alakahia, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor kan náà. Àgbo tàbí oògùn ìrora láti ọwọ́ kẹ́míìsì kò lè tú okùn tó lọ́. Bí ìrora náà bá dé lóru, kí òbí má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.