Yíyìn, Bíbà àti Títàsé

Ọmọkùnrin kan, ará Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ní Èkìtì, tó ń gbé ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Ìbọn ìléwọ́ ló fi ń ṣe eré ìdárayá lópin ọ̀sẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń díje, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Bàbá rẹ̀ tó wà nílé, ọdẹ ni wọ́n. Ó fẹ́ máa ròyìn eré náà fún bàbá lórí fóònù, kó sì máa gba ìmọ̀ràn lẹ́nu wọn, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Gbólóhùn tó ní kí á bá òun tún ṣe, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, nìyí: "Mo n ta ota mi daadaa sugbon ko lu u." Ó ní nígbà tí òun sọ ọ́ jáde, ńṣe ni bàbá dákẹ́, wọ́n wá béèrè pé ta ni ọ̀tá òun lọ́hùn-ún.

Ohùn ló fa ìbẹ̀rù bàbá. Ọta ni ohun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn, ohùn àárín méjì ló ní. Ọ̀tá ni ẹni tó kórìíra ẹni. Ọ̀rọ̀ ọdẹ kún fún irú èyí. Ẹ̀tù ni wọ́n ń ki sínú ìbọn ṣakabùlà, ẹtu ni ẹranko inú igbó, ẹtù sì ni ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtu ní òwúrọ̀, kó tún fi pa ẹtù ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ láìfàmì sí i, kò sí bí òǹkàwé ṣe máa mọ èyí tí wọ́n fi pa èkejì.

Inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí ó jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Èdè àwọn ọdẹ wa ní Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, láti Ìdó dé Ìléjeméje, tó láti kọ́ èèyàn ní ìbọn ìléwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kódà, ẹni tó bá fi ara balẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ti kọ́ ìlàjì iṣẹ́ náà, torí pé àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ya ohun tó wà lọ́wọ́ ayìnbọn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "ta" tí arákùnrin wa lò. Ọfà ni à ń ta. Ìbọn, yíyìn ni à ń yìn ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé "ó ta ìbọn", mi ò sì ní pè é ní èèwọ̀, ṣùgbọ́n létí ọdẹ àgbà kò dùn. Ọ̀rọ̀ ọfà tó bá wa wọnú ayé ìbọn láìsí àríyànjiyàn ni "tàsé" àti "atamátàsé". Ọrun àti ọfà ti wà kí ìbọn tó dé, ìdí nìyẹn tí ẹni tó yìnbọn tí kò bà fi tàsé títí di òní, tí ẹni tí kì í kùnà sì ń jẹ́ atamátàsé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn ló gbé dání.

Àmì orí "yìn" náà ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Bó bá dá dúró, tàbí tó bá wà nínú "yìnbọn", ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí a bá kọ "ìbọn" tẹ̀ lé e láìpa wọ́n pọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: yin ìbọn. Ẹ má kọ "yín ìbọn", torí "yín" ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé yìnbọn. A yìnbọn sí nǹkan: apá ibẹ̀ la kọjú ẹnu ìbọn sí, ó lè bà, ó lè má bà. A yìnbọn lù ú: ó ti bà á. A yìnbọn pa á: ó ti kú. Ìbọn yìn mọ́ ọn lọ́wọ́: kò ní in lọ́kàn tó fi dún. Mo ń bẹ àwọn akọ̀ròyìn wa pé kí wọ́n má da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba aládé lọ́nà ní ìhà àríwá Èkìtì níbí, wọ́n yìnbọn pa méjì nínú wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, "lù" àti "pa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi pààrọ̀ ara wọn. Ẹni tí ìbọn bà tó ṣì ń mí, a ó sọ pé ó fara gbọta, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má bàa gbé òkú ẹni tí kò kú.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún arákùnrin wa ni "bà". Ó ní ọta òun "kò lu" àmì tí òun ń yìnbọn sí. Ìbọn kì í lu àmì, ó máa ń bà á ni. Kí ó sọ pé: "Mò ń yìnbọn dáadáa, àmọ́ ọta kì í bà á." Ẹ wo ẹni tó ni ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo yìn, ọta ló bà. Tèmi parí níbi tí ìbọn ti dún. Àìmọ èyí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìbọn jẹ́: kí ó tó yìn tán, ojú rẹ̀ ti ń wá ibi tí ọta bà. Á gbórí sókè láti wo ihò lára pátákó, ọwọ́ á bá orí lọ, ẹnu ìbọn á yẹ̀, á tàsé. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ dúró síbi yíyìn, kó di ìdúró rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìbọn dún, kó fi bíbà sílẹ̀ fún ọta.

Ojú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Fojú sùn" ni Yorùbá fi ń sọ pé ojú yan ibì kan láàyò. Ibẹ̀ ni "àfojúsùn" ti wá, èyí tí àwọn olóṣèlú ti sọ di ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tí wọ́n bá wọlé. Mo fẹ́ kí á rántí pé ọdẹ náà ń fojú sùn. Àmọ́ fífojú sùn nìkan kò tó fún ìbọn ìléwọ́. Lórí rẹ̀, irin kékeré kan yọ sókè bí eyín lápá ẹnu, àlàfo kan sì wà lẹ́yìn, èyí tí a ó fi eyín náà sáàárín. Ojú èèyàn kò lè rí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń tẹjú mọ́ eyín iwájú, wọ́n á jẹ́ kí àmì tó wà lọ́hùn-ún rí bàìbàì. A fojú sun àmì, a tẹjú mọ́ eyín. Ọ̀rọ̀ méjì, iṣẹ́ méjì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 30 ló wà láàrin eyín iwájú àti àlàfo ẹ̀yìn, tí eyín sì fi mílímítà 1 péré yẹ̀ sọ́tùn-ún, nígbà tí ọta bá máa fi dé mítà 10, ó ti fi nǹkan bíi mílímítà 33 yẹ̀. Nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ ti Olympic, tí wọ́n ń yìn láti mítà 10, òǹkà 10 tó wà láàrin gbùngbùn pátákó kò fẹ̀ ju mílímítà 11.5 lọ. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́ta ló wọnú àṣìṣe tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń gbé ìbọn náà, ìgbà 60 ni wọ́n sì ń yìn ín ní ìpele àkọ́kọ́, láàrin wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15.

Ibi tí èdè wa ti dùn mọ́ mi jù ni orí apátí. Apátí ni Yorùbá ń pe irin tó ń mú ìbọn yìn, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ kú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Òun ni mo fẹ́ kí arákùnrin wa máa lò fún irin tí ìka ń fà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a lè fi bá a lò. Ẹni tó já apátí, ó fi ìkánjú ṣe é, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ló bá a ta gìrì, ẹnu ìbọn á sì wálẹ̀ kí ọta tó jáde. Ẹni tó fà á sàn díẹ̀, àmọ́ fífà lè gbé ìbọn lọ sápá kan. Fífún ló dára jù, bí ẹni ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí omi rẹ̀ ta sí òun lára. Ìka nìkan ni yóò ṣiṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ yóò dúró jẹ́ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka ṣe máa wọ apátí, títí ìbọn yóò fi dún láìjẹ́ pé ayìnbọn mọ ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ti dijú dè é. Dídijú yìn wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó fi ṣakabùlà bẹ̀rẹ̀, torí iná ẹ̀tù tó ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Oògùn rẹ̀ ni kí èèyàn máa fi ìbọn òfìfo dánra wò nínú ilé, kó kọjú sí ògiri tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, kó máa fún apátí, kó máa wo eyín iwájú bóyá yóò mì. Bí eyín kò bá mì, ó ti yìn ín dáadáa, kò ná kọ́bọ̀ lórí ọta.

Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo inú ìbọn náà, kó tún un wò. Àwọn àgbà bi wá léèrè pé ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun? Gbogbo òfin ààbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní pápá ìyìnbọn wà nínú ìbéèrè yẹn. Ìbọn tó ṣófo àti ìbọn tó ní ọta, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tí wọ́n kọjú wọn sí. Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí èèyàn láé, ìka kò sì gbọdọ̀ kan apátí títí ojú yóò fi débi tó fẹ́ sùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí a ṣọ́: "ki". Ṣakabùlà ni à ń ki, torí láti ẹnu ni ẹ̀tù àti ọta ń gbà wọlé, a ó sì fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ òde òní, kíkó ọta sí i ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà ogun tí a mọ̀ sí Kírìjì, láti 1877 dé 1893, Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà rí ìbọn tí wọ́n ń fi ọta sí láti ẹ̀yìn gbà láti Èkó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki tiwọn láti ẹnu. Kí ẹni tó ń ki tó ṣe tán, ẹni tó ń kó ọta sí i láti ẹ̀yìn ti yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìró ìbọn tó ń dún láàrin àwọn òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ oríire. Arákùnrin wa ní ọta òun ba òǹkà 10 lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún bà á mọ́. Ọdẹ a-fi-fìlà-pa-erin, ọjọ́ kan ni iyì rẹ̀ mọ. Kí ó má wá òǹkà 10 báyìí. Kí ó wá bí gbogbo ọta rẹ̀ ṣe máa ṣù jọ sójú kan, kódà bí ojú ibẹ̀ kò bá tíì jẹ́ àárín. Ọta tó ṣù jọ sápá òsì ń sọ fún un pé àṣìṣe kan náà ló ń ṣe, ó sì ṣeé tún ṣe. Ọta tó fọ́n káàkiri kò sọ nǹkan kan. Nípa sùúrù, kí ó wo Károly Takács, ọmọ Hungary. Bọ́ǹbù ọwọ́ ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní 1938, èyí tó fi ń yìnbọn. Ó fi òsì kọ́ ọ lákọ̀tun, ó sì gba wúrà Olympic nínú ìbọn ìléwọ́ ní 1948, ó tún gbà á ní 1952.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí eré yìí wù, ẹ má lọ ra ìbọn ìléwọ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kà á mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ, ṣakabùlà pàápàá sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní Britain náà, wọ́n ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú láti 1997, lẹ́yìn tí agbébọn kan pa àwọn ọmọ iléèwé ní Dunblane lọ́dún tó ṣíwájú.

Gbólóhùn arákùnrin wa, tí a ti tún ṣe, nìyí: "Bàbá, mò ń yìnbọn dáadáa, mo sì ń fún apátí díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọta kò tíì ba àmì bí mo ṣe fẹ́." Kí ó pe bàbá, kó sọ ọ́ fún wọn. Ohun kan ni mo sì fẹ́ kí ó bá mi bi wọ́n, kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé náà bá mi bi tiyín: kí ni àwọn ọdẹ àdúgbò yín ń pe eyín kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì fi àmì sí i.