Ìlẹ̀kùn Kéékèèké Inú Ẹ́ńjìnì

Ní ayé ìgbà tí bọ̀lẹ̀kájà ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Ìlá Ọ̀ràngún, kò sí ohun tí ó ṣòro púpọ̀ nínú bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ a gba inú kábúrétọ̀ wọlé, epo a bá a pàdé níbẹ̀, àwọn méjèèjì a sì jùmọ̀ gba inú páìpù irin kan tí à ń pè ní mánífóòlù lọ sí ibi tí iná yóò ti jó wọn. Mánífóòlù náà kò ju ihò lásán lọ. Kò sí ohun tí ó ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè kán nínú rẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti lè tú kábúrétọ̀, kí ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ọkọ̀ yóò tún máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní òde òní ti fi ìlẹ̀kùn sínú mánífóòlù, ibi tí ìlẹ̀kùn bá sì wà, ó lè há, ìdè rẹ̀ sì lè já.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yìí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì kan ní Ìlá ní àsìkò ọyẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ olùkọ́, ní ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Òun ni ó fi ń gbé ìyá wa lọ rí dókítà ní Òṣogbo ní oṣooṣù. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá dúró, ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ a tutù bí ti ọmọ tí ó sùn. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, kò ní ìjà kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan òkè, tí ẹ̀gbọ́n mi sì tẹ̀ ẹ́ títí, ńṣe ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ọlọ́kadà yóò sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná kan tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tí ó pọ́n, tàn níwájú dẹ́rẹ́bà, kò sì kú mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé e lọ bá, ní ìlú mìíràn, tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ní ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó ní àfi kí wọ́n ra Bẹ́líjíọ̀mù, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ti lò ní ìlú òyìnbó kí wọ́n tó kó o wá síhìn-ín. Iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń tọ́jú láti fi rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sùn dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbé ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn wò nílé, nítorí pé ẹni tí ń ta ẹ́ńjìnì kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ pé ẹ́ńjìnì ti kú.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mẹ́káníìkì tí a lọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣí iwájú ọkọ̀ rárá. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ ń bi wá.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Ṣé ó máa ń gbọ̀n bí ó bá dúró?”

“Rárá, kì í gbọ̀n.”

“Ṣé ó ń jẹ omi tàbí ọ́ìlì? Èéfín ńkọ́?”

“Kò sí èyí tí ó ń ṣe nínú wọn. Òkè nìkan ni kò lè gùn.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni ó wí, ó sì mi orí. Lẹ́yìn èyí ni ó yọ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì. Erùpẹ̀ ọyẹ́ ti kún un bámúbámú. Ó fi asẹ́ tuntun rọ́pò rẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò po, ó padà dé, ó ní asẹ́ nìkan kọ́. Èyí wú mi lórí, nítorí ohun tí kò ná ni lówó púpọ̀ ni ó kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà.

Ó wá ránṣẹ́ pe rìwáyà, èyíinì ni ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, pé kí ó mú sikánà rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tí a ń fi ẹnu rẹ̀ bọ ojú ihò kan lábẹ́ sítíárìn. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní irú ojú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó kan àwọn ọkọ̀ onípẹtiróòlù ní 2001. Nítorí náà sikánà kan lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe wọ́n. Àmì tí ó gbé jáde ni P2006. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn mánífóòlù ti apá kìíní há ní títì. Bí ó bá jẹ́ P2004 ni, á jẹ́ pé ó há ní ṣíṣí. Bí ó bá sì jẹ́ P2015, ìròyìn ibi tí ìlẹ̀kùn wà ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí ó gbọ́ èyí ti yọ fóònù rẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé kí n pe àwọn ará Ládípọ̀ ní Èkó kí wọ́n fi mánífóòlù ránṣẹ́?”

Ọ̀gá rẹ̀ wò ó títí. “Ìwọ ọmọ yìí, sikánà sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó ha sọ ẹni tí ó tì í fún ọ bí?”

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí ìlẹ̀kùn ń ṣe níbẹ̀. Ẹ wo ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ikùn rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó fi ń fẹ́ iná tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí pé ẹnu náà há ni afẹ́fẹ́ ṣe ń fi ipá jáde. Bí alágbẹ̀dẹ bá sọ ẹnu ẹwìrì di gbàǹgbà, afẹ́fẹ́ kò ní ní ipá mọ́, irin rẹ̀ kò sì ní pọ́n bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ó bá ń rọra yí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó ń fà. Bí ihò bá ṣí sílẹ̀ gbàgàdà, afẹ́fẹ́ yóò máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wọlé, epo kò sì ní dà pọ̀ mọ́ ọn dáadáa. Nítorí náà ni ìlẹ̀kùn ṣe ń tì díẹ̀: ihò a fún, afẹ́fẹ́ a sáré, a máa yí bí ìjì, a sì po epo mọ́ra bí ìyá ṣe ń ro àmàlà. Epo a jó tán, èéfín olóró a sì dín kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 4000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó ti lè rí nígbà tí ọkọ̀ ń fi ipá gun òkè, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mí sínú ní ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tí ó ń sáré kì í fi ihò imú kan mí. Ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá. Òye ìbéèrè mẹ́káníìkì wá yé mi wàyí: ìlẹ̀kùn tí ó há ní ṣíṣí a máa da ọkọ̀ láàmú nígbà tí ó bá dúró tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra; èyí tí ó há ní títì a máa dè é mọ́lẹ̀ lórí òkè.

Nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ni wọ́n fi ń ṣí ìlẹ̀kùn náà tí wọ́n sì fi ń tì í. Ó ń gba inú ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ fa awọ rọ́bà kan tí ó wà nínú agolo kékeré. Awọ yìí a fa ọ̀pá irin, ọ̀pá irin a fa apá kan tí wọ́n fi ike ṣe, apá yìí a sì yí irin gígùn tí gbogbo ìlẹ̀kùn dè mọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ó lè ṣẹ̀.

Mẹ́káníìkì yọ ọ̀pá rọ́bà náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán, ó sì fi fáńpù ọwọ́ kékeré kan fa afẹ́fẹ́ inú agolo náà. Ó pe ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ súnmọ́ tòsí. “Fojú sí i. Bí ọ̀pá irin kò bá mira, tí afẹ́fẹ́ sì ń jò, awọ inú agolo ni ó ti ya. Bí kò bá mira, tí afẹ́fẹ́ kò sì jò, ìlẹ̀kùn ni ó dì pa. Kí ni o rí?”

“Ọ̀pá mira, ọ̀gá.”

“Irin tí ó gbé ìlẹ̀kùn dání ńkọ́?”

Ọmọ náà tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Irin kò mira rárá, ọ̀gá.”

“Àárín méjèèjì ni ó ti já nìyẹn.” Lóòótọ́ ni. Apá ike náà ti kán sí méjì, ìdajì rẹ̀ kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ohun tí a fẹ́ tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnì nìyí.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó ní kí wọ́n tètè ra apá tuntun kí wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì kò bá a yọ̀. “Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà, ẹ ó padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. A kò tíì mọ ohun tí ó kán an.” Ó ní lóòótọ́, ooru ẹ́ńjìnì a máa gbẹ ike títí yóò fi di ẹlẹgẹ́, ṣùgbọ́n òun ń fura sí nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

Wọ́n tú bátìrì kúrò, wọ́n lẹ pépà olóǹkà mọ́ àwọn ọ̀pá rọ́bà kí wọ́n má baà ṣì wọ́n dè, wọ́n sì gbé mánífóòlù náà sọ̀ kalẹ̀. Ihò mẹ́fà ni ó ṣí sílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ọ̀gá náà ya aṣọ mímọ́ sí mẹ́fà, ó sì fi dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Bí nọ́ọ̀tì kékeré kan bá bọ́ sínú ihò bẹ́ẹ̀, tí a kò sì mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yóò wá di òótọ́: ẹ́ńjìnì yóò bàjẹ́ nítòótọ́.

Nígbà tí a yí mánífóòlù náà padà, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun kan tí ó dà bí ọ̀dà ti dì mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìlẹ̀kùn. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oruku ọ́ìlì a máa gòkè láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, wọ́n a sì darí rẹ̀ padà sínú mánífóòlù kí ó lè jó, kí ó má baà ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, pàápàá àwọn tí ń lo dísù, díẹ̀ nínú èéfín náà ni wọ́n tún ń dá padà. Ọ́ìlì ń lẹ̀, ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì, nígbà tí ọdún bá sì gun orí ọdún, ìlẹ̀kùn a wúwo. Agolo ń fà, ìlẹ̀kùn kọ̀, apá ike tí ó wà láàárín wọn ni ó jìyà.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì sàn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì dísù kan tí BMW ṣe ní nǹkan bí ọdún 2000, ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ a máa já kúrò lára irin rẹ̀, ẹ́ńjìnì a sì gbé e mì pẹ̀lú ìdè rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mẹ́káníìkì wa fi ka ìlẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ó sì mi ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Fífọ̀ yìí ni ó gba àkókò jù. Kò jẹ́ kí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ọ̀bẹ ha á, nítorí pé ọ̀bẹ a máa ha ojú ibi tí ó yẹ kí ó dán. Òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ ni wọ́n fín sí i, wọ́n jẹ́ kí ó rin ín, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún fín in. Ẹni tí ń mu sìgá ní ẹ̀gbẹ́ wa ni wọ́n ní kí ó lọ jìnnà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọ̀gá fi ìka kan ti irin náà, tí ìlẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta apá kìíní sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún tì, láìsí ariwo.

Apá tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì dé láti Èkó ní ọjọ́ kejì, gáréèjì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Irin ni wọ́n fi ṣe apá ti ọ̀tẹ̀ yìí. Wọn kò lo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́, nítorí pé èyí tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sáàbà dí afẹ́fẹ́ mọ́. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yọ àwọn aṣọ náà: “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.” Gbogbo wa dákẹ́. Ó tún un kà. Márùn-ún náà ni. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí ẹkẹfà tí ó ti rì wọlé díẹ̀ ní ihò ẹ̀yìn. Nígbà náà ni èémí tó já wálẹ̀. Wọ́n de bóòtù láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní ìfọ̀nàhàn, nítorí bí a bá ti ìkangun kan le jù, mánífóòlù yóò tẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ó ń súfèé. Ọ̀pá rọ́bà kan ni wọ́n gbàgbé. Wọ́n dè é, súfèé dáwọ́ dúró. Ìgbà yìí ni rìwáyà tó pa àmì P2006 rẹ́ kúrò nínú ọpọlọ ọkọ̀, nítorí ẹni tí ó bá pa iná ìkìlọ̀ kí ó tó tún ohun tí ó tàn án ṣe, ojú ara rẹ̀ ni ó dì. A gba ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ dán an wò. Ọkọ̀ náà gun òkè bí ewúrẹ́. Iye gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi san, àtọwọ́ àtẹ̀yà, kò tó ìdá mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnì Bẹ́líjíọ̀mù.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tún fi sikánà wò ó; kò rí ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a gbé ìyá wa lọ sí Òṣogbo. Ibi tí ọkọ̀ ti máa ń mí hẹlẹhẹlẹ ni màmá ti máa ń di ìjókòó mú, tí yóò sì máa gbàdúrà. Lọ́jọ́ náà, a ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́ kí ó tó gbé orí sókè tí ó sì béèrè pé, “Òkè yẹn dà?”