Àpótí Ìmọ̀: Ìrìn Àjò Lédè Hawaii
Huakaʻi ni ìrìn àjò lédè Hawaii. Hele ni kéèyàn lọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni holoholo: kéèyàn kàn jáde ṣeré, láìní ibi pàtó tó ń lọ. Apẹja tó gbé ìwọ̀ dání kì í sọ pé òun ń lọ pẹja. Á ní holoholo lòun ń lọ, kí ẹja má baà gbọ́! Moku ni ọkọ̀ ojú omi, lele ni kí nǹkan fò; mokulele wá di bàlúù. Àwa náà kúkú ń pè é ní ọkọ̀ òfurufú. Waʻa ni ọkọ̀ àjẹ̀. Lọ́dún 1976, Hōkūleʻa, waʻa méjì tí a so pọ̀, rìn lójú òkun láti Hawaii dé Tahiti. Mau Piailug ló ń júwe ọ̀nà, ìràwọ̀ àti ìgbì òkun ló ń wò, kò lo kọ́ńpáàsì.