Nígbà Tí Omi Ẹ̀rọ Kò Bá Lágbára

Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ti omi tí kò sí rárá, ìyẹn yàtọ̀. Omi tí ó wà nínú tánkì, ṣùgbọ́n tí ó ń sun bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ nígbà tí a bá ṣí ẹ̀rọ, òun ni a ní lọ́kàn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa ní ilé kan tí a ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní Ìkàrẹ́. Garawa tí ó máa ń kún ní ìṣẹ́jú 2 wá ń gba ìṣẹ́jú 7. A pe oníṣẹ́ kan. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kí a ra tánkì tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí a sì ra pọ́ǹpù tuntun. A ti ń dá owó jọ, owó tí à bá fi ra ìwé àti bẹ́ǹṣì, kí ìyá kan nínú kíláàsì tó bi wá pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe báyìí ni, àbí èyí nìkan?"

Ojú tì wá díẹ̀, nítorí pé a kò tíì wò ó. A lọ ṣí èyí tó wà lẹ́yìn ilé. Omi tú jáde yàà! A wá tú ẹnu ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ lọ, iyanrìn sì ti dí i pa. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, a dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ó parí. A kò ná nǹkan kan.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí gbogbo ẹ̀rọ ilé bá jọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gba ìdí tánkì lọ. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì nìkan, gíga tánkì ló ń dà wọ́n láàmú.

Kí ni gíga fi ṣe é? Ẹ mú agolo gíga kan tó ṣófo. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí ìdí. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì máa wò ó. Omi ihò òkè yóò kàn ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti ìdí yóò tú jáde tagbáratagbára, nítorí pé ìwúwo gbogbo omi tó wà lókè rẹ̀ ló ń tì í. Bí omi bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, agbára tí ó ní kò ju pọ́n-ùn 4 ó lé díẹ̀ lọ lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó. Ní ẹsẹ̀ bàtà 20, yóò ju pọ́n-ùn 8 lọ.

Ẹ kíyè sí i pé a kò sọ̀rọ̀ bí tánkì ti tóbi tó. Tánkì ńlá tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò lè ti omi bíi tánkì kékeré tó wà lókè. Títóbi tánkì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó tán ni. Kò fún un lágbára. Owó tí àwọn ènìyàn ti fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré.

Àwa ará Àkókó yẹ kí a mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ, torí pé àárín òkè ni a ń gbé. Ní Ọ̀kà, ilé kan lè wà lórí àpáta kí ilé kejì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní Ìkàrẹ́, níbi tí wọ́n ti dí odò ní Awara kí ìlú lè rí omi mu, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí tánkì kan náà bá ń fún ilé méjì lómi, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ ni omi rẹ̀ yóò le jù. Ẹni òkè kò gbọ́dọ̀ rò pé aládùúgbò òun ló ń ṣe òun níbi.

Ó kù ìdí tánkì. Ẹ wo fáàfù tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá nà tẹ̀lé páìpù, ó ṣí. Bí ó bá dábùú páìpù, ó tì. Ọmọdé lè yí i dé ìdajì láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ wo ìdérí náà. Nígbà tí a bá fẹ́ da mílíìkì inú agolo, ihò méjì la máa ń lu, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, mílíìkì kò ní jáde dáadáa. Tánkì tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní ìdérí pinpin yóò ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ fi àwọ̀n tó ṣe wẹ́wẹ́ bo ojú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà wọ̀ ọ́.

Ti páìpù ńkọ́? Páìpù irin àtijọ́ máa ń dógùn-ún nínú títí ihò rẹ̀ yóò fi kéré. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kó rántí pé ihò páìpù ínǹṣì 1 kì í ṣe ìlọ́po méjì ihò páìpù ìdajì ínǹṣì. Ìlọ́po mẹ́rin ni.

Páìpù tó ń jò ló léwu jù. Bí omi bá lágbára nínú rẹ̀, yóò máa jò síta. Ṣùgbọ́n bí agbára omi bá lọ, tàbí tí páìpù bá ṣófo, ìdọ̀tí ìta lè gba ojú ihò kan náà wọlé. Bí páìpù bá gba inú gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá kọjá, ohun tó ń wọlé kò ṣeé fẹnu sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti onígbáméjì ṣe ń wọ inú ilé tó ní omi ẹ̀rọ. Ẹ tètè dí i. Títí ẹ ó fi dí i, ẹ máa se omi mímu kó hó dáadáa.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilé onítáyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà kiri, tòun ti tánkì omi àti pọ́ǹpù kékeré. Bí omi wọn bá rẹ̀, asẹ́ kékeré tó wà níwájú pọ́ǹpù àti èyí tó wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú wò.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ fi aago wo ìṣẹ́jú tí garawa kan fi ń kún nídìí ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti iye ìṣẹ́jú náà sínú ìwé yín. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè bá aládùúgbò rẹ̀ wò ó.