Ohun tí Ọ̀dọ́ Eléré Lè Kọ́ Lára Kọ́lá Ògúnmọ́lá

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì tí a bí ní 1925, ṣe olùkọ́ ilé-ìwé kí ó tó di òǹkọ̀wé àti olùdarí eré. Ó ti ń kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ káàkiri ìlú, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn, kí ó tó lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Ibẹ̀ ni ìwé Amos Tutùọlá ti di eré Lánkẹ́ Ọ̀mu lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1969, eré náà dé Algiers. Ògúnmọ́lá kú ní 1973.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Ayédé Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ń sáré wá òkìkí kí wọ́n tó mọ iṣẹ́. Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ sin ọ̀gá, kí ó gbá ìtàgé, kí ó ru ẹrù eré. Lẹ́yìn náà, kí ó wo bí onílù àti akọrin ọdún Yemọja Ayédé ṣe ń di èrò mú, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Ìgbà náà ni kí ó kọ eré kékeré kan ní ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀. Bí òkìkí bá dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ tún padà lọ kọ́ṣẹ́ bí Ògúnmọ́lá ti ṣe.