Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Ra Katakátá Àtijọ́ Tí Wọ́n Ti Tú Palẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ̀, ẹ gbọ́ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó máa ń wu ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin tí ẹ nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oko: kí èèyàn rí katakátá àtijọ́ tí wọ́n ti tú palẹ̀, ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, gíábọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, táyà lábẹ́ igi, kí ó nájà rẹ̀, kí ó kó o sínú ọkọ̀, kí ó ní òun yóò tò ó padà.

Mi ò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kí owó tó kúrò lápò ni pé ẹni tó ra katakátá tí wọ́n ti tú, iṣẹ́ ló rà. Katakátá ṣì ń bẹ níwájú. Ọmọ mi, bí o bá ń wá ohun tí yóò túlẹ̀ fún ọ lójò ọdún yìí, lọ háyà èyí tó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an lo fẹ́, tí o sì ní sùúrù rẹ̀, jókòó, jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn irin wọ̀nyí ti wá. Ní 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní sẹ́tùméǹtì, kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé lè fi iṣẹ́ oko jẹun. Ìkẹ́nnẹ́ wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Nígbà tó di 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation jáde, ọdún náà sì ni wọ́n dá àwọn àjọ tó ń bójú tó agbègbè odò sílẹ̀, tí ti Ogun-Oshun fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ní 1980, Ààrẹ Shagari tún gbé ètò oko tirẹ̀, Green Revolution, dé. Ní gbogbo àsìkò wọ̀nyí, katakátá ń wọlé lóríṣiríṣi: Massey Ferguson, Fiat, Ford, àti Steyr tí wọ́n ń tò nílẹ̀ wa, ní Bauchi.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wọlé, iye náírà já wálẹ̀, pààtì tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Katakátá tó jẹ́ pé pọ́ǹpù kan ṣoṣo ló bàjẹ́ lára rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Koríko hù bò ó. Ẹnì kan wá yọ dáínámò rẹ̀ sára òmíràn, ẹlòmíràn yọ radiétọ̀, títí ó fi ku egungun. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí ọ̀kan nínú wọn nílẹ̀, má rò pé ogbó ló pa á. Àìrí pààtì àti àìbìkítà ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí àìbìkítà sì pa, ìtọ́jú lè jí i.

Jẹ́ kí n fi Massey Ferguson 135 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó yẹ irú ilẹ̀ tiwa. Ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1964. Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta tó ń lo dísù ni wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin márùndínláàádọ́ta. Ìran Ferguson TE20 ni, èyí tí wọ́n ṣe ní Coventry kan náà láti 1946 sí 1956, tí iye rẹ̀ lé ní 500,000. Ferguson mẹ́ta irú èyí ni arìnrìn-àjò tó ń jẹ́ Edmund Hillary àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lórí yìnyín títí wọ́n fi dé òpin ayé níhà gúúsù ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, 1958. Ẹ̀rọ tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àwọn èèyàn ṣì ń tú wọn, wọ́n ń kùn wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n díje níbi ìtúlẹ̀. Íńdíà àti Pakistan ń ṣe katakátá tó bá ìdílé yìí tan di ìgbà tiwa yìí, ìyẹn ni pààtì rẹ̀ kò fi tíì di àwátì. Èyí ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́: má ra irú katakátá tí pààtì rẹ̀ ti kúrò lọ́jà, bó ti wù kó rẹwà tó. Lọ béèrè ní ọjà pààtì Ládípọ̀ àti ti Owódé Onírin kí o tó lọ bá ẹni tó fẹ́ tà á.

Èkejì, béèrè ẹni tó tú u àti ìdí tó fi tú u. Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì tó fẹ́ tún un ṣe ló tú u, tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìrètí wà. Ó ṣeé ṣe kí bóòtì wà nínú agolo, kó sì mọ ohun tó ti rà àti èyí tó kù. Bó bá jẹ́ oníkọ̀ndẹ́mù ló tú u, òṣùwọ̀n ló wà lọ́kàn rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ogijo tàbí Ìkòròdú ló ń wò. Bàbà àti alumíníọ̀mù ni irú wọn máa ń kọ́kọ́ tà. Radiétọ̀ àtijọ́, bàbà ni. Yóò ti lọ. Dáínámò, yóò ti lọ. Pọ́ǹpù tó ń fún dísù sínú ẹ́ńjìnnì, tó wọ́n ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ lára katakátá, bí kò bá tíì lọ, ó lè ti wà níta fún òjò. Abèèrè kì í ṣìnà. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún ọ ni kí o fi mọ iye tí wàá dá lé e.

Ẹ̀kẹta, tò ó sílẹ̀ kí o tó sanwó. Mú táápólì ńlá dání, tẹ́ ẹ, kí o sì to gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà lára katakátá: ẹ́ńjìnnì níwájú, gíábọ́ọ̀sì láàárín, ilé áàsù lẹ́yìn. Katakátá yìí kò ní ṣásí bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti ilé áàsù tí wọ́n fi bóòtì de pọ̀ ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù tàbí tó fọ́, padà sílé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, mú ìwé, kí o kọ ọ́ sọ́nà mẹ́ta: èyí tó wà tó dára, èyí tó wà tó bàjẹ́, èyí tí kò sí. Má gbàgbé pọ́ǹpù haidrólíìkì, torí inú ilé áàsù ló ń gbé, ojú lásán kò lè rí i. Má gbàgbé apá mẹ́ta tó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè. Harry Ferguson ló sọ ọ̀nà yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń lò, láìsí i, katakátá kò lè gbé ohun ìtúlẹ̀ rẹ. Mú ìwé yẹn lọ sọ́jà, kí o béèrè iye ohun tí kò sí àti iye ohun tó bàjẹ́. Iye tó bá jáde níbẹ̀ ni owó katakátá. Iye tí ẹni tó ń tà á ń pè, ẹnu ọ̀nà ni.

Ẹ̀kẹrin, yẹ bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù rẹ̀ wò bóyá wọ́n sán. Má jẹ́ kí wọ́n kán ọ lójú níbí. Fi dísù fọ ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, kí o nù ún gbẹ. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun kẹrosíìnì sí ibi tí o fura sí, pàápàá ojú tọ́ọ̀pù láàárín ibi tí fáàfù ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ooru ti máa ń pọ̀ jù. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kí o wá nù ún kúrò tónítóní. Lọ ẹfun kúnná, kí o fi bo ojú ibẹ̀. Bí ibẹ̀ bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú ìsán náà yóò máa fà jáde díẹ̀díẹ̀, wàá sì rí ìlà tóóró tó ṣú lójú ẹfun funfun. Irin tó dà bí odidi lójú ni ẹfun yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí ìlà bá wà lára tọ́ọ̀pù, ó ṣeé pààrọ̀. Bó bá wà lára bílọ́ọ̀kù, má ra ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ìkarùn-ún, béèrè ìwé. Ọ̀pọ̀ katakátá àtijọ́ jẹ́ ti ìjọba rí. Bí wọ́n bá tà á ní gbàǹjo, ìwé gbàǹjo yóò wà. Wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, kí o rí i pé ó bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Bí kò bá sí ìwé rárá, tí ẹni tó ń tà á ń sọ pé “kó o lọ lálẹ́”, sá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò sì fojú kékeré wo ẹni tó gba ẹrù olè.

Ìkẹfà jẹ́ ti owó, ọ̀rọ̀ yìí ló sì dùn mí jù nítorí yín. Má yá owó èlé ṣe é. Má fi owó ilé ìwé ọmọ ṣe é. Má ta ilẹ̀ bàbá rẹ ní Mowe nítorí irin. Ilẹ̀ tó bá lọ ní agbègbè yẹn lónìí, ilé ni wọn yóò kọ́ sí i, kò ní padà di oko mọ́. Owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó ilé ni kí o máa fi ra pààtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí o sì tó gbé irin kan wálé, kọ́ àtíbàbà tí kì í jò. Òjò tiwa kì í ṣeré, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá. Sìlíńdà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún òjò kan ṣoṣo lè dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí o bá ti gbé e délé, fara balẹ̀. Kó bóòtì ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀, kí o kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Fi náílọ́ọ̀nù di ẹnu gbogbo páìpù dísù, torí iyanrìn tín-ín-tín lè ba nọ́sù tó ń fọ́n dísù jẹ́. Àwọn ìdérí tó mú kiráńkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Má gbé ti èkíní fún ìkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Bí písítìnì bá lẹ̀ mọ́ sìlíńdà, má gbé hámà. Da dísù àti ọ́ìlì lé e lórí, jẹ́ kó mu ún fún ọjọ́ mélòó kan, kí o wá máa fi ọwọ́ yí kiráńkì wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Nígbà tí o bá sì fẹ́ so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, má dá a ṣe. Fi igi tó nípọn àti jáàkì gbé ìhà méjèèjì ró, torí bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ni yóò bọ́ lé.

Wá àgbà mẹkáníìkì lọ. Àwọn tó tún katakátá ìjọba ṣe láyé ọjọ́sí, àwọn kan ṣì wà láyé, nínú àwọn ìletò Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ní àyíká Ifọ̀. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Gbé àga fún wọn, gbé omi fún wọn, jẹ́ kí wọ́n jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ, a ti pàdánù ohun tó ju irin lọ.

Kí ni wàá wá fi katakátá náà ṣe? Má gbé e dúró sí iwájú ilé fún àwòrán nìkan. Ilé ti jẹ ilẹ̀ oko ní Mowe àti Ibafo, èyí tó ṣẹ́ kù lọ́nà Ọ̀fàdà, níbi tí ìrẹsì wa tó lókìkí ti ń jáde, ti di kéékèèké. Katakátá gàgàrà kì í rí àyè yí níbẹ̀. Katakátá kékeré tó ń fa àwo ìtúlẹ̀ méjì ló bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu, ó sì bá oko ẹ̀gẹ́ ní Ifọ̀ mu. Àwọn ìyá àti bàbá tí ẹ̀yìn wọn kò gba ọkọ́ mọ́ ń retí ẹni tí yóò bá wọn túlẹ̀ ní owó tí ọwọ́ wọn ká. Ìwọ lè jẹ́ ẹni náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí bílọ́ọ̀kù kò bá sán, tí egungun rẹ̀ pé, tí ìwé rẹ̀ wà, tí pààtì rẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́jà, tí owó rẹ kì í ṣe owó èlé, rà á, kí o sì tò ó. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá ti yẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Òmíràn ń bọ̀. Èyí tí o bá sì tò tó ṣiṣẹ́, mú ọmọdé kan mọ́ra nídìí rẹ̀, kí o fi gbogbo ohun tí o mọ̀ hàn án.