Aṣọ Olóògbé: Ibo La Lè Kó O Lọ Kó Tó Dé Ọwọ́ Aláìnílé?

 

Ẹ̀kọ́ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ ni. Àwọn tó ti sìnkú ìyá tàbí ọkọ láàrin wa pọ̀, tí àpótí aṣọ olóògbé ṣì wà lórí àjà títí dòní. Ikán ń jẹ ẹ́, eku ń bímọ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn wà ní Ìkòròdú níbẹ̀ yẹn tó jẹ́ pé aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n ní. Ohun tí àwọn ìyá kan ń bi wá ni pé: "Tá a bá fẹ́ fi ta aláìnílé lọ́rẹ, ta la máa kó o fún? Ṣé ká kàn máa pín in lójú títì ni?"

Ká tó sọ ibi tí aṣọ ń lọ, ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tó ni ín. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ogún ni aṣọ òkú. Ìdílé kan á pín in ní ìdí-igi, òmíràn á pín in ní orí-ò-jorí. Tí opó bá dá nìkan kó ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ síta, kódà kó jẹ́ pé nítorí Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ mọ ohun tí àwọn àbúrò ọkọ máa sọ: "Kí ló ń kán an lójú? Kí ló fẹ́ fi aṣọ ẹ̀gbọ́n wa ṣe?" Àánú á wá di ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe ogójì ọjọ́, kí ẹbí jókòó, kí ẹ ṣí àpótí lójú gbogbo wọn. Kí kálukú mú èyí tó máa fi ṣe ìrántí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí olórí ẹbí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn yọ̀ǹda ẹ̀ fún aláìní. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dára ju kí wọ́n má kọ ọ́ lọ.

Fún àwọn Mùsùlùmí, ìlànà ti wà nílẹ̀. Gbèsè olóògbé la ó kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà àsọsílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó fi sílẹ̀, kó tó wá kan ogún. Aṣọ wà nínú ogún náà. Àgbàlagbà lè fi ìpín tirẹ̀ ṣe sàráà, àmọ́ ìpín ọmọ kékeré, ẹnikẹ́ni ò lè bá a fi tọrẹ.

Ohun kejì tó ń há àpótí mọ́ àjà ni ìbẹ̀rù, kí a má tan ara wa. Ẹbí ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè fi aṣọ náà ṣe oògùn. Ẹni tá a fẹ́ fún náà ń bẹ̀rù pé aṣọ òkú ni. A ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ro òkìrìkà tí gbogbo wa ń rà wò. Ní Ghana, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti ìbẹ̀rù oògùn, ohun tó ń pa á ni pé kí aṣọ lọ sí ibi tí òṣìṣẹ́ wà, tí wọ́n á kà á, tí wọ́n á fọwọ́ síwèé, kó má jẹ́ ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí lẹ́bàá ọ̀nà.

Ibẹ̀ wo wá ni? Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ibùdó ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Májídùn, ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ń kó àwọn alágbe, àwọn tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì àti àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú sí, tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn kan níṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ń lọ ra tòmátò àti ata ní Mile 12, ojú ọ̀nà Májídùn náà ló ń gbà kọjá. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀: láti ojú títì ni, aṣọ ọrùn nìkan. Ọkùnrin àti obìnrin ló wà níbẹ̀, nítorí náà sòkòtò bàbá àti ìró ìyá wúlò bákan náà.

Àmọ́ ẹ má ṣe kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ lásán ni kí ẹ mú lọ. Ẹ béèrè ẹni tó ń gba ẹ̀bùn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọjọ́ wo ni kí ẹ padà wá. Tí ọ̀nà yẹn bá jìn sí ẹnìkan, kó lọ sí káńsù wa ní Ìmọ́tà níbí, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, kó béèrè òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á darí rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kó o lọ, ẹ gba ìwé pé wọ́n rí i gbà. Ìwé yẹn lẹ máa fi han ẹbí.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, náà máa ń ní aláìsàn tí kò ní ará tó ń wá wò ó. Àwọn wẹ́fíà ibẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Fún aṣọ àgbà, ilé àwọn arúgbó Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà wà ní Mushin. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Àgùdà, ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833, iṣẹ́ aláìní gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ má gbàgbé pé aláìnílé kì í ṣe alágbe nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi ìdídò Ọ̀yán ya bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Agbówà níbí, tó jẹ́ aládùúgbò wa, ni ìjọba Èkó kó àwọn tí omi lé kúrò nílé lọ. Oníṣòwò bíi tiwa wà nínú wọn. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í ní èèyàn nígbà gbogbo, àmọ́ ọjọ́ tó bá ní, aṣọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó wá ku yíyẹ aṣọ wò. Ẹ wo gbogbo àpò ẹ̀wù, ẹ tú gbogbo etí ìró, nítorí ẹ mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń so owó. Ìwé ilẹ̀ náà lè wà nílẹ̀ àpótí. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́. Èyí tí olóògbé fi ṣàìsàn tó ti bàjẹ́, àti pátá àti kọ́mú, ẹ jó o. Aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti ṣọ́jà, ẹ dá a padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ò gbà kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Aṣọ òkè àti lẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Àwọn kan á ní ṣé aláìní ò yẹ lẹ́ni tó ń wọ lẹ́ẹ̀sì ni. Ó yẹ, àmọ́ ẹni tó ń sùn sórí ilẹ̀, ohun tó máa bò ó lọ́wọ́ ọyẹ́ ló ń wá. Ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà àti pátá tuntun kún un.

Ní ti ẹni tó ń sùn sí abẹ́ búkà wa gan-an lálẹ́, òun ò nílò àpò ẹrù, kò níbi tó máa kó o sí. Ẹ̀wù kan, sòkòtò kan àti ọṣẹ nínú ọ̀rá, pẹ̀lú oúnjẹ. Kí ẹni méjì jọ lọ lójúmọmọ, kí wọ́n kí i, kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀. Tí kò bá gbà á, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tó ń sùn, ẹ máa lọ.

Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá ti fohùn ṣọ̀kan, kó wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa, kó sọ iye àpò tó ní. Tó bá ti tó ẹrù ọkọ̀ kan, a ó jọ dá owó mọ́tò Májídùn.